Ojú Ìyá Rẹ Wà Láàárín Àwọn Kòkòrò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé. Ṣé ara le? Ṣé àtẹ̀gùn ilé rẹ, tí o ní irin ìdìmú rẹ̀ ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣé wọ́n ti tún un ṣe? Láti ìgbà tí o ti sọ ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn fún mi ni àyà mi kò ti balẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀. O kò ní ṣubú lókè, o kò ní ṣubú nílẹ̀. Ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé, ilẹ̀ ni wàá bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbàdúrà yìí náà, ìwọ máa fọwọ́ kan ògiri.

Àlàáfíà ni a wà níhìn-ín, bí a bá yọwọ́ eékún mi òsì, òrùlé ilé ìdáná tó ń jò sórí iná, àti ewúrẹ́ wa tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ti ewúrẹ́ síbẹ̀, pé kò sí ohun tí o fẹ́ ṣe sí i láti ibi tí o wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá wá ṣe é, kí o má baà sọ pé n kò sọ fún ọ.

Fóònù tí o fi rán awakọ̀ dé láìfọ́. Awò kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọn lójú náà dé. Ìbọ̀sẹ̀ tí o fi wé e pàápàá dé, àmọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Bí ìkejì bá wà lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kí n mọ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Mo ka ohun tí o kọ dáadáa. O ní ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ́ dókítà ojú fẹ́ rí àwòrán ojú ìyá rẹ láti ìtòsí gan-an, kí ó lè mọ̀ bóyá nǹkan funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ ṣì ṣeé yọ, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù yóò le koko, ojú náà sì lè lọ pátápátá. Ọmọ mi, gbólóhùn yẹn ni mo kà tí mo fi jókòó lé fìlà mi.

Ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ. Nígbà tí mo kà á sí i létí, aṣọ ló ń ká, ọwọ́ ló sì fi ń mọ èyí tó jẹ́ tèmi yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní òun kò lọ síbì kankan, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní ya ojú òun. Ó ní, "Kí ló kù láyé tí n kò tíì rí? Èyí tí mo rí ti tó mi." Mo rọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń bínú. Ó ní bí mo bá bínú tán kí n dìde lórí fìlà. Bí obìnrin tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́ ṣe mọ̀ pé mo jókòó lé fìlà, títí di òní n kò mọ̀ ọ́n.

Bí mo bá sì fẹ́ sọ bó ti rí, ẹ̀rù awò yẹn ń ba èmi pàápàá. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tíṣà sáyẹ́ǹsì wa gbé irú awò bẹ́ẹ̀ jáde sínú oòrùn, ó na ojú rẹ̀ sí ìwé pẹlẹbẹ kan, kò pẹ́, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó sì gbiná. Ìwé ni wọ́n fi ṣe é níjọ́ náà. Èwo ni ti ojú ìyá rẹ? Bí mo bá gbé awò sí i lójú tí ojú náà jó, irú ẹnu wo ni màá fi sọ fún ọ?

Mo wá rò ó pé kí n kọ́kọ́ dán an wò lára ohun mìíràn tó lójú. Ewúrẹ́ kò fara balẹ̀, àìsàn sì ń ṣe é. Káfíńtà aládùúgbò wa kọ̀, ó ní ojú òun méjèèjì ni òun fi ń wọn pákó, bí ọ̀kan bá jó, gbogbo àga ìlú yìí ni yóò máa mì. Ó wá ku kòkòrò. Kòkòrò lójú, kò sì sí mọ̀lẹ́bí kòkòrò tí yóò wá ka ẹjọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ nílé.

O rántí pé nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa ti pàṣẹ pé kí gbogbo àwa tí ẹ̀jẹ̀ wa ń ru máa rìn láràárọ̀ lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí odò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣíwájú wa. Ó ń rìn bí ẹni tí ajá ń lé, bó bá sì bojú wẹ̀yìn tó rí ẹni tó dúró, á béèrè bóyá ayé ti sú onítọ̀hún ni. Ibẹ̀ ni mo gbé fóònù lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi bí wọ́n ṣe ń há awò náà hàn mí, ó ní kí n má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n, kí n sún mọ́ kòkòrò títí, kí n sì lọ sílẹ̀ dé ọgbọọgba ibi tó wà, nítorí pé ẹni tó bá ya kòkòrò láti òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa rí.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, fóònù béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo gbà kí òun mọ ibi tí mo wà. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Ọwọ́ mi ló wà, ibo ló tún rò pé mo wà? Mo wò yíká, mo rọra sọ fún un pé ọ̀nà odò ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó, pé kí ó má sọ fún ẹlòmíràn. Kò fèsì. Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ nǹkan kan, ó ní ó ti yé fóònù.

Eèrà ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń gun gbòǹgbò kan. Mo bẹ̀rẹ̀, kò tó. Mo kúnlẹ̀, kò tó. Nígbẹ̀yìn, ọmọ mi, mo dọ̀bálẹ̀. Àgbà bí tèmi, tí àwọn ọmọ aráyé ń dọ̀bálẹ̀ kí, mo na gbalaja síwájú eèrà. Kí ojú má baà tì mí jù, mo sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe kí eèrà náà dàgbà gan-an láàárín àwọn tirẹ̀. Ta ló mọ ọjọ́ orí eèrà?

Ohun tí mo rí nínú awò yẹn, n kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń rí eèrà, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. N kò mọ nǹkan kan. Ara rẹ̀ ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun. Irun wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró láyè ara rẹ̀. Ó dúró, ó fi ọwọ́ fa ìwo orí rẹ̀ kọjá lẹ́nu, ó nù ún, ó tún nu ìkejì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jí tó ń bọ́jú kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo gbàgbé láti tẹ fóònù. Mo kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni, mo ń wo eèrà tó ń bọ́jú.

Ibẹ̀ ni káfíńtà ti bá mi, ó ń gba ọ̀nà yẹn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró lé mi lórí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ta lo ṣẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Mo sọ fún un pé eèrà ni mo fẹ́ yà. Ó ní kò burú, pé bí mo bá ti bẹ eèrà tán, kí n jọ̀wọ́ bá òun bẹ ikán náà, nítorí wọ́n ń jẹ òun ní pákó. Mo ya eèrà náà, mo na fóònù sí káfíńtà, mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, títí orí eèrà fi kún ojú fóònù. Ó tẹrí wò ó. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, ó tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn, àgbàlagbà méjì ló rí nílẹ̀ tí wọn kò mira. Ó figbe ta, ó sáré padà, ó di ọwọ́ wa méjèèjì mú, ó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ. Ó ní ọkàn wa ń sáré ju bó ti yẹ lọ. Mo ní òótọ́ ni, pé kó wá wo nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àràárọ̀ wa ṣe bàjẹ́, tàbí ṣe dára, n kò mọ èwo. A kì í sáré mọ́. A ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Mo ya yímíyímí, ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo rò pé dúdú ni, àwọ̀ ewé ni, àwọ̀ aró ni, àwọ̀ epo ọkọ̀ tó dà sínú omi ni, gbogbo rẹ̀ nígbà kan náà. Mo ya ìyẹ́ agbọ́n, ó rí bíi wíńdò tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín pín sí yàrá yàrá. Nígbà tí a ya orúnkún tata, káfíńtà wò ó títí, ó ní látọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò rí oríkèé tó bára mu tó báyìí, láìsí ìṣó, láìsí àtè. Ó ní òun yóò lọ tú àga kan tí òun ti kàn parí, òun yóò tún un kàn. Nọ́ọ̀sì ní kí n ya alántakùn. Mo kọ̀ fún un. Mo ní wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní, alántakùn ní mẹ́jọ, kó lọ wá àwọn ẹbí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà àánú rẹ̀ ṣe mí, mo padà lọ yà á.

Ohun kan ń dà mí láàmú. Bí mo bá fi ìka méjì fa kòkòrò gbòòrò bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ṣé kì í dùn ún? Mo padà lọ wo yímíyímí tí mo fà jù. Mo bá a lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò tóbi sí i, kò sì dàbí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Mo tọrọ àforíjì bó ti wù kó rí. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé awò náà kò jó ẹnì kankan nínú wọn. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù rẹ yìí náà ní àrífín díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àwòrán tèmi tí nọ́ọ̀sì yà sápá kan, ó gbé ti tata sápá kejì, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnì kan náà ni. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo wá wò ó dáadáa, mo rí i pé àgbọ̀n wa jọra lóòótọ́, iwájú orí wa náà sì jọra. Káfíńtà ní kí n má parọ́, kí n dá fóònù lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìdáhùn náà.

Nígbà tó tún ṣe, fóònù ní òun ti kún. Bẹ́ẹ̀ mo mọ iye kòkòrò tí mo kó sínú rẹ̀, wọn kò tó ohun tí yóò kún nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ti ń bímọ nínú ibẹ̀. Mo gbé fóònù sídìí òdòdó lẹ́yìnkùlé, mo tàn án, mo kúrò níwájú rẹ̀ kí àwọn tó bá fẹ́ jáde lè jáde láìtijú. Kò sí èyí tó jáde. Nọ́ọ̀sì ló bá mi pa àwọn tó ṣe bàìbàì rẹ́, ó sì dùn mí.

Ọmọ mi, wá gbọ́ ti lámilámi.

Ó bà sórí koríko létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá rẹ ti máa ń pọnmi tẹ́lẹ̀. Mo fi àyà fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi wọ aṣọ mi, n kò bìkítà, ìwọ náà sì mọ bí mo ṣe ń bẹ̀rù òtútù. Kò fò. Ó jẹ́ kí n gbé awò dé iwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ gba gbogbo orí rẹ̀. Kì í ṣe ojú kan, ojú nínú ojú ni, ojú wẹ́wẹ́ tò ti ara wọn bí afárá oyin, kò sí èyí tó tóbi ju èkejì lọ, wọ́n lọ títí wọ́n fi wọnú àwọ̀ búlúù kan tí n kò lórúkọ fún. Wọ́n ti kọ́ wa ní èyí rí nílé ìwé. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì. Ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà á gbọ́, lórí àyà mi, nínú ẹrọ̀fọ̀. Mo rò ó pé kí ni nǹkan kékeré yìí fẹ́ rí láyé tí wọ́n fi fún un ní ojú tó pọ̀ tó báyìí, tí ìyá rẹ kò sì ní ẹyọ kan tó gbádùn.

Mo gbé e délé. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. N kò sọ̀rọ̀ dókítà rárá. Mo kàn gbé fóònù sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, mo fẹ̀ ẹ́ títí kò fi lè fẹ̀ mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé orí sápá kan, ó gbé e sápá kejì. Ó béèrè ohun tó ń tàn búlúù bẹ́ẹ̀. Mo ní lámilámi ni.

Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Lámilámi ṣì wà?"

Mo ní wọ́n kún odò. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ pé nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó, orí garawa òun ni wọ́n máa ń bà sí, pé àwọn kan tilẹ̀ máa ń bá òun délé. Ó ní wọ́n dín kù, wọ́n dín kù, títí òun kò fi rí ẹyọ kan mọ́. Labalábá náà bẹ́ẹ̀. Eèrà inú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀. Òdòdó wẹ́wẹ́ ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ó rò pé oògùn tí wọ́n ń fọ́n sóko ló pa wọ́n tán, tàbí pé ayé ló ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò sì sọ fún mi nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, n kò ní sùn mọ́.

Ọmọ mi, a ti rò pé agídí ni. Kì í ṣe agídí. Nígbà tó ń sọ pé kò sí ohun tó kù láti rí, ohun tó rò nìyẹn. Ó rò pé ọjà ti tú.

Ó ní kí n tún fi eèrà hàn òun. Mo fi eèrà hàn án. Ó ní yímíyímí ńkọ́, mo fi yímíyímí hàn án. Ó fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ tó ń sùn. Ó wá ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni n kò sí níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó fi ọwọ́ la ìpéǹpéjú, ó ní, "Ya ojú náà."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń gbọ̀n síwájú eèrà nìyí. Mo ní kí ó má ṣẹ́jú, ó béèrè bóyá lámilámi ṣẹ́jú, mo ní rárá, ó ní nígbà náà òun kò ní ṣẹ́jú. Mo yí ẹ̀yìn sí oòrùn, mo fi ara mi ṣíji bò ó kí nǹkan kan má baà gbiná, mo gbé awò sún mọ́ ọn.

Mo ti bá obìnrin yìí gbé láti ìgbà èwe wa, n kò mọ̀ pé báyìí ni ojú rẹ̀ rí. Àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ tó ń ṣàn wọ àárín láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀nà odò tó ń lọ pàdé. Ní àárín gan-an ni funfun yẹn wà, bí ìkùukùu àárọ̀. Lórí gbogbo rẹ̀, níbi tó ti ń dán, mo rí arúgbó kan tó gbé fóònù dání, tó la ẹnu sílẹ̀, kò ju eèrà lọ. Èmi ni. Mo wà nínú ojú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì rí mi. Ó béèrè bóyá ó burú. Mo ní ó dára ju ti lámilámi lọ. Ó ní kí n yé purọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbà láti wá. Ó ní bí wọ́n bá ṣí ojú òun, ìwọ ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rí, èmi lẹ́yìn rẹ bí mo bá ti fárùngbọ̀n, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi eèrà kan hàn òun, eèrà gidi, kì í ṣe ti fóònù. Mo wá ń rò ó, ṣé eèrà wà nílé alájà tí ò ń gbé yẹn? Ṣé wọ́n lè gun àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀? Jọ̀wọ́, bá wa wá ẹyọ kan sílẹ̀ kí a tó dé, máa fún un ní ṣúgà díẹ̀ kó má baà lọ.

Mo ń fi fóònù náà rán awakọ̀ sí ọ, nítorí inú rẹ̀ ni àwòrán wà. Nọ́ọ̀sì ní a lè tẹ nǹkan kan kí ó gba inú afẹ́fẹ́ wá bá ọ. N kò gbà. Ẹ̀fúùfù tó ń jà lọ́sẹ̀ yìí ti ká paánù ilé ìdáná sókè, ṣé ojú ìyá rẹ ni màá wá jù sínú rẹ̀? Mo ti wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ, kí òun náà lè bá ìkejì rẹ̀ pàdé. Nígbà tí o bá ṣí i, fi sọ́kàn pé ojú ìyá rẹ wà láàárín àwọn kòkòrò. Lẹ́yìn lámilámi ló wà. Fi ìka tọ́ka sí i fún dókítà, kí ó má lọ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lámilámi. Bá mi wò ó pẹ̀lú bóyá dókítà náà máa ń sín nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń sín, a lè dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó ọkọ̀ àwa méjèèjì ránṣẹ́, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún paánù. Má fi í sínú fóònù. Ọ̀dọ̀ rẹ ni fóònù wà, ó sì ti kún. Fi rán awakọ̀.

Ojú rẹ yóò máa ríran títí ọjọ́ alẹ́. Ohun rere kò ní fò kọjá níwájú rẹ kí o má rí i, kékeré rẹ̀ tàbí ńlá. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn bá ti ń sọ pé ọjà ti tú, ibẹ̀ ni wàá ti rí tìrẹ rà. Bí o ṣe ń wá ìmọ́lẹ̀ sí ojú ìyá rẹ, òkùnkùn kò ní mọ ilé rẹ. Àmín.

Káfíńtà kí ọ. Nọ́ọ̀sì kí ọ. Ewúrẹ́ ti dákẹ́ ikọ́ láti àárọ̀, n kò mọ̀ bóyá ìyẹn dára tàbí kò dára.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Má gbàgbé eèrà.